Ọkọ̀ yín kọlu ọkọ̀ ẹlòmíì nílùú Ọba: ṣé dandan ni kí ẹ fi tó ọlọ́pàá létí?

Ìbéèrè yìí kì í tán nínú àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp àwa ọmọ Yorùbá tó wà nílùú Ọba. Ẹnì kan á ní òun fi ọkọ̀ ha ọkọ̀ ẹlòmíì lára, ṣé kí òun pe ọlọ́pàá? Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìdáhùn á ti di oríṣiríṣi. Ẹnì kan á ní dandan ni. Ẹlòmíì á ní ọlọ́pàá ibí ò ráyè irú ìyẹn. Ẹnì kan náà á sì wà tí á ní tí kò bá sí ẹni tó rí i, kó yáa máa bá tirẹ̀ lọ. Ìmọ̀ràn tó gbẹ̀yìn yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí òun ló ń sọ ọ̀rọ̀ bọ́ḿpà lásán di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́.

Mo mọ ibi tí ìbẹ̀rù náà ti wá. Nílé, ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ ìjàm̀bá lọ sí tẹ́ṣàn ń rò ó pé ọkọ̀ òun lè sùn síbẹ̀, pé owó lè jáde lápò òun kí ọ̀rọ̀ tó parí. Ìdí nìyẹn tí ẹnu wa fi yá sí "ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ níbí." A gbé ìwà yẹn wọ bàálù, a sì bá a sọ̀ ní Heathrow. Ṣùgbọ́n òfin tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ní England, Scotland àti Wales kò rí bí a ṣe rò, kò sì nira láti yé èèyàn téèyàn bá mú un ní ẹsẹẹsẹ. Abala 170 nínú òfin ìrìnnà ọdún 1988 ni. Northern Ireland ní òfin tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí náà kí ẹni tó ń gbé ní Belfast má fi èyí ṣe atọ́nà.

Kí ni òfin kà sí ìjàm̀bá?

Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí nǹkan bá ha ọkọ̀ ni òfin yìí dá sí. Ó kàn yín nígbà tí ẹlòmíì yàtọ̀ sí ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ bá fara pa, nígbà tí ọkọ̀ tí kì í ṣe èyí tí ẹ wà nínú rẹ̀ bá bàjẹ́, tàbí nígbà tí nǹkan onínǹkan tó wà létí títì bá bàjẹ́: ọgbà ilé, ògiri, òpó iná, kódà igi tí ẹnì kan gbìn síwájú ilé rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé yìnyín ló mú kí táyà yín yọ̀, tí ẹ sì forí ọkọ̀ yín sọ ebè koríko kan tí nǹkan kan ò ṣe, kò sí ohun tí abala 170 ní kí ẹ ṣe.

Ẹranko náà wà níbẹ̀. Àwọn tí òfin dárúkọ ni ẹṣin, màlúù, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ìbaaka, àgùntàn, ẹlẹ́dẹ̀, ewúrẹ́ àti ajá. Ológbò kò sí lára wọn, àmọ́ èèyàn tó bá ní àánú lójú yóò wá ẹni tó ni ológbò tí òun gbá.

Ibòmíì tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni ibi ìgbọ́kọ̀sí. Wọ́n á ní ilẹ̀ aládàáni ni iwájú Tesco, pé òfin títì kò dé ibẹ̀. Ó dé ibẹ̀. Òfin náà sọ̀rọ̀ nípa títì àti ibikíbi mìíràn tí gbogbo èèyàn ń gbà wọlé wọ̀de, ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìtajà àti ti ilé ìwòsàn sì wà lára irú ibẹ̀.

Ohun tí òfin kọ́kọ́ fẹ́ kì í ṣe ọlọ́pàá

Ká ní ewúrẹ́ yín wọ oko ọmọnìkejì, ó sì jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ẹ ò ní kọ́kọ́ sáré gba ọ̀dọ̀ baálẹ̀ lọ. Olóko lẹ máa lọ bá, ẹ máa ní, "Èmi lágbájá ni, ewúrẹ́ mi ni, ilé mi nìyí." Tí ẹ ò bá bá olóko ni ẹ máa tó lọ sọ ọ́ lọ́dọ̀ baálẹ̀, kó má baà di pé wọ́n ń wá ẹni tó ṣe é káàkiri. Bí abala 170 ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ẹ dúró: òun ni àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní ìdí pàtàkì láti béèrè, ẹ fún un ní orúkọ yín, àdírẹ́sì yín àti nọ́ńbà ọkọ̀. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ìyàwó yín tàbí ti ọ̀rẹ́ lẹ ń wà, ẹ fi orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ni ín kún un. Òfin ò béèrè ẹni tó jẹ̀bi kó tó gbé iṣẹ́ yìí lé yín lọ́wọ́. Kódà kó jẹ́ pé ẹ dúró jẹ́ẹ́ níbi iná pupa, tí ẹnì kan wá gbá yín lẹ́yìn, ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ dúró.

Tí ẹ̀yin méjèèjì bá ti dúró, tí ẹ ti fún ara yín ní orúkọ àti àdírẹ́sì, tí ẹnikẹ́ni ò sì fara pa, òfin ò ní kí ẹ lọ bá ọlọ́pàá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ èyí. Wọ́n á jókòó sínú òtútù fún wákàtí méjì, wọ́n ń retí ọlọ́pàá tí kò ní wá nítorí bọ́ḿpà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gba orúkọ yẹn dáadáa. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀ wọn, ẹ ya ibi tó bàjẹ́ lára ọkọ̀ méjèèjì, kí ẹ tún lọ sẹ́yìn díẹ̀ láti ya gbogbo títì kí ó lè hàn bí ọkọ̀ kálukú ṣe dúró. Nọ́ńbà fóònù tí wọ́n bá pè fún yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ lójú wọn kí fóònù wọn dún lọ́wọ́ wọn. Mo ti rí ẹni tí wọ́n fún ní nọ́ńbà tó dín ẹyọ kan, tó jẹ́ pé ìgbà tó délé ló tó mọ̀.

Ìgbà wo ló wá di dandan láti lọ bá ọlọ́pàá?

Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni pé, nítorí ìdí yòówù, ẹ ò fún ẹnikẹ́ni ní orúkọ àti àdírẹ́sì yín níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kò sí ẹni tẹ́ ẹ máa fún, ó lè jẹ́ pé ìjà fẹ́ bẹ́ tí ẹ sì ní láti kúrò níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹni kejì ti lọ. Èkejì ni pé ẹnì kan fara pa, ẹ ò sì fi ìwé ìnṣọ́ránsì han ọlọ́pàá tàbí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè rẹ̀ níbi tó ti ṣẹlẹ̀.

Ní ìhà méjèèjì, kí ẹ fi tó ọlọ́pàá létí ní kété tó bá ti ṣeé ṣe, kó má sì ju wákàtí 24 lọ. Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí gbólóhùn yìí díẹ̀, torí ó ti kó àwọn èèyàn sí wàhálà. Wákàtí 24 kì í ṣe ààyè tí wọ́n fún yín láti lọ sùn kí ẹ rò ó. Òpin ni. Tó bá jẹ́ pé aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló ṣẹlẹ̀, tí tẹ́ṣàn sì wà ní ṣíṣí lọ́nà ilé yín, tí ẹ wá ní ó di ọ̀la, adájọ́ lè sọ pé ẹ ti rú òfin bí wákàtí 24 ò tilẹ̀ tíì pé. "Ní kété tó bá ti ṣeé ṣe" ló ṣáájú.

Bí òfin ṣe kọ ọ́ ni pé kí ẹ sọ ọ́ ní tẹ́ṣàn tàbí fún ọlọ́pàá. Ilé ẹjọ́ sì ti sọ látijọ́ pé fóònù lásán ò tó. Lónìí, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọlọ́pàá, àti ti London pẹ̀lú, ló ní fọ́ọ̀mù ìjàm̀bá ọkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ pe 101, nọ́ńbà ọlọ́pàá fún ohun tí kì í ṣe pàjáwìrì, ẹ bi wọ́n bóyá fọ́ọ̀mù náà tó fún irú èyí tó ṣẹlẹ̀ sí yín, kí ẹ sì gba nọ́ńbà tí wọ́n fi forúkọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Tí ẹnì kan bá fara pa, tí ìwé ìnṣọ́ránsì ò sì sí lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ náà, ọjọ́ méje ni òfin fún yín láti ìgbà ìjàm̀bá láti gbé e lọ sí tẹ́ṣàn tí ẹ bá yàn nígbà tí ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sùn.

Ọkọ̀ tí a kò rí olówó rẹ̀

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń rú èèyàn lójú jù. Ẹ ń bọ̀ ní ọ̀nà tóóró kan lálẹ́, ọkọ̀ tò sí apá ọ̀tún àti apá òsì, dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yín sì gbá ti ẹnì kan dà nù. Kò sí ẹnikẹ́ni níta. Òfin ò ní kí ẹ máa kan ilẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé. Ṣùgbọ́n ó ní kí ẹ dúró fún ìgbà tó tó kí ẹni tó bá fẹ́ béèrè lè rí yín.

Ṣé ìwé tí èèyàn há sí abẹ́ wípà tó? Kò tó. Ó dára kí ẹ kọ ọ́, ìwà ọmọlúàbí ni, ẹni tó ni ọkọ̀ yóò sì dúpẹ́. Àmọ́ òjò lè pa á, atẹ́gùn lè gbé e, ẹlòmíì lè yọ ọ́ sọnù, ẹ̀yin á sì wá dà bí ẹni tó sá. Ẹ kọ ìwé náà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tí ẹ há a sí, kí ẹ tún fi tó ọlọ́pàá létí. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní nǹkan tí ẹnikẹ́ni lè fi mú un lórí pé ó sá lọ.

Tí ẹnì kan bá fara pa

Ọ̀pọ̀ rò pé ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kejì nìkan ni òfin ń sọ. Rárá o. Ẹnikẹ́ni tó yàtọ̀ sí ẹ̀yin awakọ̀ ni. Ọmọ yín tó jókòó sẹ́yìn, tí bẹ́líìtì fún ní èjìká títí ó fi wú, wà lára rẹ̀. Èrò tí ẹ gbé nínú Uber wà lára rẹ̀. Ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri, tó ṣubú tí eékún rẹ̀ bó, wà lára rẹ̀, bó tilẹ̀ dìde tó ní kò sí nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ti ọmọdé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án já sí títì, ọkọ̀ yín kàn án, ó ṣubú, ó dìde, ó ní "I'm fine," ó sì sáré wọ ilé lọ. Ẹ má ṣe bá tiyín lọ. Ọmọdé ò mọ bí wọ́n ṣe ń gba orúkọ àti àdírẹ́sì, ẹ̀rù lè bà á láti sọ fún ìyá rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé òru ni orí á tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ẹ dúró, ẹ pe ọlọ́pàá. Lójú òbí ọmọ náà, ẹ̀yin ni awakọ̀ tó gbá ọmọ wọn. Ẹ má jẹ́ kó tún di pé ẹ̀yin ni awakọ̀ tó gbá a tó sì sá lọ.

Ìgbà tó jẹ́ 999

Ẹ pe 999 lójú ẹsẹ̀ tí ẹnì kan bá fara pa débi tó nílò àńbúláǹsì, tí ọkọ̀ bá dí ọ̀nà débi tó lè fa ìjàm̀bá mìíràn, tí òórùn ọtí bá ń jáde lẹ́nu ẹni kejì, tàbí tó ń halẹ̀ mọ́ yín. Ní ọ̀nà márosẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kúrò nínú ọkọ̀ tó bá ṣeé ṣe, kí ẹ dúró sẹ́yìn irin etí ọ̀nà kí ẹ tó máa tẹ fóònù.

Ṣé ọlọ́pàá ló máa sọ ẹni tó jẹ̀bi?

Kì í ṣe òun. Iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tiyín àti tiwọn ni wọ́n máa yanjú ẹni tó máa san owó, tí wọn ò bá sì gbà, wọ́n á dé ilé ẹjọ́. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni láti mọ̀ bóyá ẹnì kan dá ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tó ń bẹ̀rù pé tóun bá lọ sọ fún ọlọ́pàá, ó ti di pé òun gbà pé òun jẹ̀bi, fọkàn balẹ̀. Ohun tí òfin ní kí ẹ ṣe lẹ ṣe.

Àwọn èèyàn wa tún máa ń bẹ̀rù láti sọ pé "ẹ pẹ̀lẹ́," nítorí ẹnì kan ti sọ fún wọn pé ẹni tó bá sọ "sorry" níbi ìjàm̀bá ti jẹ́wọ́. Òfin kan wà ní England àti Wales láti ọdún 2006 tó sọ pé títọrọ àforíjì nìkan kì í ṣe ìjẹ́wọ́ ẹ̀bi. Ẹ kí èèyàn bí a ṣe tọ́ yín. Ohun tó yẹ kí ẹ yẹra fún ni "èmi ni mo jẹ̀bi, màá sanwó ẹ̀."

Ìnṣọ́ránsì ńkọ́?

Ọ̀tọ̀ lèyí o. Ọlọ́pàá ni òfin ń sọ, ìnṣọ́ránsì sì ní àdéhùn tí ẹ tọwọ́ bọ̀ pẹ̀lú wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àdéhùn ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ níbí tí kò sọ pé kí ẹ jẹ́ káwọn gbọ́ nípa gbogbo ìjàm̀bá, kódà tí ẹ ò bá ní béèrè owó kankan. Ẹ lè sọ fún wọn pé ẹ kàn fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni. N kò ní tàn yín: ó ṣeé ṣe kí owó tí ẹ máa san lọ́dún tó ń bọ̀ gbéra díẹ̀. Àmọ́ tí ẹni kejì bá wá gbé ẹjọ́ dé lẹ́yìn oṣù mẹ́rin pé ọrùn ń dun òun, tí iléeṣẹ́ yín ò sì gbọ́ nǹkan kan rí, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín fún wọn ní ìdí láti máa yẹ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni òfin máa ń fún ẹni tó fara pa láti pe ẹjọ́ ní England àti Wales.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ràn "ẹ gba ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn, ká gbàgbé ẹ̀." Òfin ò dí yín lọ́wọ́ láti yanjú ọ̀rọ̀ fúnra yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbowó lọ́wọ́ yín lónìí ṣì lè kọ̀wé sí ìnṣọ́ránsì lọ́la. Tí ẹ bá tilẹ̀ máa san án, ẹ gba orúkọ àti àdírẹ́sì kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ san án láti báǹkì kí ó ní ojú àpá, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ohun tí owó náà wà fún.

Ẹni tó sá ńkọ́?

Níbí ni ọkàn mi ti máa ń gbọgbẹ́, torí ohun tí ọ̀pọ̀ ń sá fún kéré sí ohun tí wọ́n ń sá lọ bá. Ẹni tí kò dúró, tàbí tí kò fi tó ọlọ́pàá létí nígbà tó yẹ, lè gba póìǹtì 5 sí 10, ìyẹn àmì ìjìyà, sórí láísẹ́nsì rẹ̀, tàbí kí wọ́n gba láísẹ́nsì náà. Ní England àti Wales, owó ìtanràn rẹ̀ kò ní gbèdéke, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó oṣù mẹ́fà. Gbogbo èyí lè wáyé bí ìjàm̀bá náà ò tilẹ̀ ti ọwọ́ rẹ̀ wá.

Ó wá le jù fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹni tó bá gba póìǹtì 6 láàárín ọdún méjì tó kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò ọkọ̀ níbí, wọ́n á gba láísẹ́nsì rẹ̀ pátápátá, á sì tún ìdánwò inú ìwé àti tojú títì ṣe. Ogún ọdún tí ẹ ti fi wa ọkọ̀ láàárín Ọ̀jọ́ta àti Bẹ́gà kò wọ inú ìṣirò yẹn. Ẹlòmíì sì ń sá nítorí pé láísẹ́nsì Nàìjíríà tó ń lò ti kọjá oṣù 12 tí wọ́n gbà á láyè láti fi wakọ̀ lẹ́yìn tó di olùgbé ibí. Ọ̀rọ̀ tó le ni, mo mọ̀. Àmọ́ ẹ̀sùn kan nìyẹn. Tó bá sá, ó ti di ẹ̀sùn méjì, èyí tó fi kún un yìí ló sì ń mú kí adájọ́ bojú jẹ́.

Sísá náà kì í ṣiṣẹ́ mọ́. Kámẹ́rà wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé, ó wà nínú ọkọ̀, ó wà nínú bọ́ọ̀sì. Tí wọ́n bá ti rí nọ́ńbà ọkọ̀, lẹ́tà á dé ilé ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀: ta ló ń wà á lọ́jọ́ báyìí, ní aago báyìí? Ọjọ́ 28 ni wọ́n fún un láti dáhùn. Ẹni tí kò dáhùn lè gba póìǹtì 6. Ibí ni àwọn kan ti máa ń ní kí ọkọ gbà á fún aya, tàbí kí àbúrò gbà á fún ẹ̀gbọ́n. Ẹ má dán an wò. Chris Huhne, tó jẹ́ mínísítà ní ìjọba ilẹ̀ yìí, gbé póìǹtì eré àsápajúdé tirẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ nígbà náà, Vicky Pryce. Lọ́dún 2013, oṣù mẹ́jọ mẹ́jọ ni wọ́n dá fún àwọn méjèèjì, nítorí póìǹtì tí ì bá ti kúrò lára láísẹ́nsì rẹ̀ tipẹ́.

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni wọ́n gbá tí wọ́n sá lọ

Ẹ lọ sọ fún ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà gan-an, bó jẹ́ dígí lásán ni wọ́n fọ́. Kì í ṣe nítorí pé wọ́n á wá ẹni náà rí dandan. Iléeṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní MIB (Motor Insurers' Bureau), láti ọdún 1946 ló ti wà, gbogbo iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ ló ń dáwó sí i. Òun ló ń dúró fún àwọn tí ọkọ̀ tí kò ní ìnṣọ́ránsì bá ṣe ní jàm̀bá, àti àwọn tí ẹni tó gbá wọn sá lọ tí a ò rí i mọ́. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, tàbí ọ̀dọ̀ ìnṣọ́ránsì tiyín, ìbéèrè tó máa tètè jáde ni nọ́ńbà tí ọlọ́pàá fún yín. Ẹ kọ ọ́ sínú fóònù, ẹ tún kọ ọ́ sórí ìwé, ẹ kọ ọjọ́ àti aago tí ẹ sọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi fọ́tò ọkọ̀ náà síbi kan náà kí ẹ tó gbé ọkọ̀ lọ fún àtúnṣe.